Omi, Ọkọ́ àti Ẹ̀rọ: Àwọn tí ó Gbẹ́ Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní Ayépé àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, odò kékeré kì í ṣe ohun àjèjì. Bí òjò bá dé, wọn a kún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn a fà. Síbẹ̀, irú odò bẹ́ẹ̀ lágbára ju bí ojú ti rí i lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Omi òjò a máa gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù láti ojú sánmà àti láti inú ilẹ̀. Bí ó bá kan òkúta ẹfun, a máa yọ́ ọ. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, odò tí ọmọdé lè fò kọjá lè ti la ọ̀gbun sáàárín òkúta.

Ṣùgbọ́n omi nìkan kọ́ ni agbẹ́lẹ̀. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti wa Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi tí ó yí ilẹ̀ náà ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ní 1959. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n wà, wọn kò kan òkúta ẹfun. Abẹ́ ilẹ̀ ni ìyẹn fara pamọ́ sí.

Òkun ni ó bí òkúta náà. Ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun bo Ṣágámù àti Ewékorò. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi kú jọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì di òkúta. Amọ̀ àti yanrìn wá bò ó mọ́lẹ̀. Irú òkúta yìí wà ní Onígbòlò ní ilẹ̀ Benin àti ní Tabligbo ní Tógò pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ ni ó tú u síta. Ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ní 1960, ó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti Ṣágámù ní 1978. A ń lọ òkúta náà pọ̀ mọ́ amọ̀, a ń sun ún nínú iná tí ooru rẹ̀ tó 1,450 ní ìwọ̀n Celsius, a sì tún ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ọ̀gbun tí odò ìbá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún gbẹ́, ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ ayé ènìyàn kan.

Èrè wà níbẹ̀. Ara ògiri ọ̀gbun Ewékorò ni àwọn onímọ̀ ti ka ìtàn òkun àtijọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adegoke tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1977. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ojú kì bá tí rí àwọn ìkarahun náà. Àdánù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Odò gbẹ́ ilẹ̀, ó fi ògiri sílẹ̀. Àwọn baba wa wa yàrà, wọ́n fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi. Òkúta tí ẹ̀rọ lọ̀ ní tirẹ̀, ó ti di ilé àti afárá. Kò sí ẹni tí yóò tún kà á mọ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ìtàn má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ìjẹ̀bú láti orí ọba àti ogun nìkan. Ilẹ̀ pàápàá ní ìtàn, ó sì yẹ kí a kà á kí ó tó tán.