Olú Ìbàdàn Nínú Àpò Ìwé ní London

Ní 1905, ẹgbẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó ọ̀gbìn òwú gba ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Moor Plantation ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí dòní. Nígbà tó di 1910, ó di oríkò iléeṣẹ́ ọ̀gbìn Gúúsù Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni Charles Ogilvie Farquharson ti ṣiṣẹ́. Àrùn irè oko ni ìjọba torí rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kò mọ síbẹ̀. Kòkòrò, èèrà, olú orí igi jíjẹrà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣà.

Olú kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ sáàárín ìwé bí ewé. Kó tó ọjọ́ kejì, ìdin lè ti sọ ọ́ di omi. Ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́ yóò kọ́kọ́ kọ àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ sílẹ̀, torí méjèèjì kì í bá a dé inú àpò ìwé tí wọ́n ń kó o sí. Yóò gé orí rẹ̀, yóò sì dojú rẹ̀ dé sórí ìwé funfun mọ́jú. Tó bá ṣí i láàárọ̀, lẹ́búlẹ́bú tó jábọ́ lábẹ́ rẹ̀ yóò ti fa ìlà wínníwínní sójú ìwé, àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ irú olú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ìyókù di sísá sí ooru tí kò pọ̀, kó má baà jinná.

Irú àpò bẹ́ẹ̀ ló ń gba orí òkun lọ sí ọgbà ewéko Kew, ní London. Elsie Wakefield ló ń yẹ olú Nàìjíríà wò níbẹ̀, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1912, 1914 àti 1917. Ní 1918, Farquharson wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Burutu, ó ń lọ sílé. Ọkọ̀ náà àti òmíràn forí sọra, Farquharson sì bá a rì. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí kòkòrò kò jáde títí di 1921.

Ilé olú Kew, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1879, ti ní olú tó ju mílíọ̀nù kan lọ báyìí. Ní 2022 ni wọ́n dáwọ́ lé yíya gbogbo ohun gbígbẹ tó wà ní Kew ní fọ́tò, ewé àti olú. Wọn yóò ṣí páálí, lẹ nọ́ńbà mọ́ àpò, ya ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ṣòroó kà, abúlé tí òyìnbó sì kọ bó ṣe gbọ́ ọ, ta ni yóò rí i lórí máàpù?

Ọmọ Èjìgbò tó ń gbé Nimbo, ní Bouaké ní Côte d'Ivoire tí Faransé ṣàkóso nígbà kan, Paris ni yóò kọjú sí ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Roger Heim ti ṣiṣẹ́, ẹni tó fún olú orí ògán lórúkọ Termitomyces ní 1942. Wọ́n ti ya ewéko gbígbẹ Paris ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Ewé tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ ń yà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Olú wú, inú àpò ló wà, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣí i.

Ohun tí àwọn Yorùbá mọ̀ nípa olú, láti inú ọbẹ̀ dé inú àgbo, inú iṣẹ́ tí B. A. Oso tẹ̀ jáde ní 1975 ló wà, kì í ṣe ara àpò Kew. Fọ́tò náà kò sì tó fún onímọ̀ olú. Lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi ni wọ́n ti ń wo lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ tún olú Ìbàdàn ayé Farquharson yẹ̀ wò ní láti kọ̀wé sí Kew kí wọ́n yá a, tàbí kó wọkọ̀ òfuurufú lọ bá a níbẹ̀.