Ìdí tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ n'Ìbẹ́jú-Lẹ́kí fi ń la ara wọn lóye lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ọdún 2006 tí ètò Lekki Free Zone ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí lójú méjèèjì, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote lọ́dún 2023. Ọ̀pọ̀ olùrà wà lókè òkun. Orí Nairaland, tí Ṣeun Ọṣéwà dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, àti WhatsApp ni wọ́n ti ń ṣèwádìí. Ẹni tí wọn kò rí rí ni yóò kìlọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé awọnlẹ̀ lọ sí Àláúsá, kí wọ́n mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Kí ni èrè onítọ̀hún?

Ààrò àwọn baba wa ní ìṣirò: ẹni tí wọ́n bá roko lónìí mọ̀ pé oko ẹlòmíràn ló kàn. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n là lóye lè má padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í dín kù lọ́wọ́ ẹni tó fi í tọrẹ, ẹni tí ajagungbalẹ̀ sì ti gbowó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn. Àwọn kan wà, ká má parọ́, tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà máa pè wọ́n ní ọ̀gá ni. Òfin Èkó tọdún 2016 ń fìyà jẹ ajagungbalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka ilẹ̀ tó mọ́ fún olùrà.

Àwọn tó ń talẹ̀ náà ń yọ́ wọlé sáàárín wọn, wọ́n á máa yin ọjà ara wọn bí ẹni pé olùrà ni wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi máa ń bi ẹni tó bá ń yin ilẹ̀ pé: ṣé ìwọ náà ti rà níbẹ̀?