Ibi Tí Omi Dé Rí: Fọ́tò, Etíkun Èkó àti Ilé Àgùdà Tí Wọ́n Wó

Ẹ gbé fóònù yín dání o, nítorí ọ̀rọ̀ fọ́tò ló wà nílẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Marina. Tí ẹ bá rí fọ́tò Marina ayé àtijọ́, títì kan ni ẹ ó rí, àwọn igi tó ṣíji bò ó, lẹ́yìn náà omi ọ̀sà ló kàn. Ẹni tó bá dúró níwájú Cathedral lè máa wo ọkọ̀ ojú omi. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ lónìí: bíríjì àti mọ́tò ni ẹ ó rí. Fọ́tò yẹn kò purọ́. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n da iyanrìn sínú ọ̀sà, tí wọ́n sì la Outer Marina sórí rẹ̀.

Ti Bar Beach tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkun Èkó máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté, kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Ọkọ̀ ráyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta náà dí iyanrìn lọ́nà. Ìhà Lighthouse Beach ń fẹ̀ sí i, Bar Beach ní òdìkejì kò rí iyanrìn gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ ohun tó lé ní kìlómítà kan. Nígbà tó yá, ìgbì ń fò wọ títì Ahmadu Bello. Lónìí, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀, lórí iyanrìn tí wọ́n dà sínú òkun. Ẹni tó bá ní fọ́tò Bar Beach láti ìgbà èwe òbí rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé lọ́jọ́ náà lè ti wọ omi.

Ilé náà ń lọ bí etíkun ṣe ń lọ. Ní Tinubu Square, ilé kan wà tí à ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, ló kọ́ ọ ní ọdún 1855. Ìdílé Olaiya rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ààbò wà lórí ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí fèrèsé rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọrọdọ báyìí, inú fọ́tò ló kù tó lè wò ó.

Pierre Verger jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo tí à ń pè ní Fátúmbí. Ó ya àwọn ilé Àgùdà ní Nàìjíríà àti ní Benin. Àwọn fọ́tò náà wà nínú ìwé tí Marianno Carneiro da Cunha kọ lórí ilé Àgùdà, èyí tó jáde ní ọdún 1985.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Kámẹ́rà wà lápò gbogbo wa, ṣùgbọ́n ojú ara wa là ń yà jù. Tí ẹ bá dé etíkun, ẹ jẹ́ kí ohun kan tí kì í kúrò níbì kan hàn nínú fọ́tò náà: òpó, ilé, tàbí òkúta. Òun ni yóò fi ibi tí omi dé hàn lọ́jọ́ iwájú. Tó bá jẹ́ ilé ni, ẹ ya iwájú, ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn àti òrùlé. Ẹ kọ déètì àti orúkọ àdúgbò sí i. Ẹ kí onílé kí ẹ tó yà á o. Ilé elòmíràn ni.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ṣì wà lórí ìdúró. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ lọ yà á. Kò dìgbà tí ilé bá wó kí a tó máa wá fọ́tò rẹ̀ kiri.

Ó dìgbà kan ná.