Ẹ̀rọ Ńlá àti Oko Ẹ̀pà ti Kongwa

Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀pà láàrin wa. Ọmọdé ń jẹ ẹ́ ní yíyan, àwọn ìyá wa ń fún òróró rẹ̀, a sì ń fi í mu gààrí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ pé nítorí ẹ̀pà yìí kan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pàdánù owó tí ó ju £36,000,000 lọ láàrin ọdún 1947 sí 1951. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó kan ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa, èyíinì ni U.A.C., tí ó ra epo, kókò àti ẹ̀pà lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ogun ńlá kejì parí ní 1945, ọ̀rá di ọ̀wọ́n gógó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òṣùwọ̀n ni ìjọba fi ń pín bọ́tà àti màgaríìnì fún olúkúlùkù. Ní 1946, Frank Samuel, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà U.A.C., dámọ̀ràn pé kí a fi ẹ̀rọ gbin ẹ̀pà ní ilẹ̀ Tanganyika, tí ó di apá kan orílẹ̀-èdè Tanzania láti 1964. Ìjọba rán John Wakefield, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ rí, láti lọ wo ilẹ̀ náà. Ìròyìn tí ó mú bọ̀ kì í ṣe kékeré: oko 107, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní éékà 30,000, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ éékà 3,210,000. John Strachey, mínísítà ọ̀ràn oúnjẹ, fi ọwọ́ sí níná £25,000,000. U.A.C. ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fún ìjọba ní 1947, títí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún un fi gbà á ní 1948.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí owó náà ṣe rìn. Katakata titun kò sí ní ọjà lẹ́yìn ogun, nítorí náà wọ́n ra àwọn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti lò tì ní Philippines. Ilé-iṣẹ́ Vickers tún sọ ọkọ̀ ogun onírin di katakata, bí ìgbà tí a bá fi idà rọ ọkọ́. Nígbà tí ẹrù wọ̀nyí dé Dar es Salaam, èbúté náà kéré jù fún wọn. Ojú irin kan ṣoṣo ni ó sì lọ sí apá Kongwa, níbi tí oko àkọ́kọ́ wà. Ẹ̀yà tí a ó fi pààrọ̀ èyí tí ó bá bàjẹ́ kò tó, àwọn awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ni, kò sì pẹ́ tí ilé àtúnṣe fi kún fún òkú katakata.

Igbó náà kò sì rọrùn. Igi oṣè wà níbẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí ilé, tí agbo oyin sì ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ta ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun sáàrin katakata méjì láti fi wó igi lulẹ̀. Igi wó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àti ilẹ̀ kù. Ilẹ̀ Kongwa ní amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ń jẹ irin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a le bí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ó wà láàrin wa mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń so. Báwo ni yóò ti wọlé so, báwo ni a ó sì ti wú u, bí ilẹ̀ bá ti di àpáta? Àwọn Gogo, tí wọ́n ń sin màlúù ní agbègbè náà, mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kò ṣeé fi ọkàn tán, nítorí ìyàn ti mú wọn rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Éékà 150,000 ni wọ́n pinnu fún ọdún àkọ́kọ́. Bí 7,500 ni wọ́n rí gbìn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bojú wo ẹ̀yìn dé ilẹ̀ Nàìjíríà ní àwọn ọdún wọ̀nyí kan náà. Ní Kano, àpò ẹ̀pà tò jọ bí òkè, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tí kò tó láti gbé e lọ sí èbúté. Ọkọ́ ọwọ́ ni àwọn àgbẹ̀ Haúsá fi gbìn ín, kò sì sí ìjọba tí ó lé wọn lọ sí oko náà. Nígbà tí ojú irin kọ́kọ́ dé Kano ní 1911, òwú ni àwọn Òyìnbó oníṣòwò ń retí. Àwọn àgbẹ̀ ṣírò ọ̀ràn ara wọn, wọ́n sì yan ẹ̀pà. Ní ojú tiwa, èyí ni ó burú jù nínú gbogbo ìtàn yìí: owó lọ ra katakata sí ibi tí ẹ̀pà kò sí, nígbà tí ẹ̀pà jókòó sí ibi tí ọkọ̀ kò sí.

A kò sọ pé ẹ̀rọ burú o. Ṣùgbọ́n ẹ wo Mokwa, ní ilẹ̀ Nupe, tí kò jìnnà sí Jẹ́bà. Ní 1949 ni a dá ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ ìdàgbàsókè ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ní. Katakata tú ilẹ̀ púpọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí a mú wá. Ẹ̀rọ kan kò sì sí tí yóò bá wọn ro ó. Koríko dé, ọwọ́ kò ká a. Ní 1954 a pa iṣẹ́ náà tì.

Ti Tanganyika ti parí ṣáájú ìgbà náà, nítorí oṣù January 1951 ni ìjọba kéde pé òun jáwọ́. Ohun tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Wọ́n ti la ojú irin titun ní gúúsù dé Nachingwea, wọ́n sì ń kọ́ èbúté olómi jíjìn sí Mtwara, tí a parí lẹ́yìn tí ẹ̀pà tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ ti di ìtàn. Ojú irin náà kò rí ẹrù tí ó tó gbé, a sì pa á tì ní 1962. Èbúté Mtwara ní tirẹ̀ kò kú. Kajú ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè òkun, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ń ká lórí igi tí wọ́n gbìn sí ẹ̀yìn ilé àti oko ara wọn.