Ọ̀gá

Ọ̀gá ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀gá náà ni ẹni tó gbani síṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Agboju, lẹ́bàá títì Àgbádárìgì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ méjèèjì. Ó ń kọ́ ọmọṣẹ́, ó ń bá a wí, òun náà ni yóò ṣe fìrídọ̀mù fún un.

Ní 1980, Geert Hofstede, olùṣèwádìí ọmọ Netherlands, tẹ ìwé jáde lórí ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní orílẹ̀-èdè 40 sí ìbéèrè nípa iṣẹ́ wọn. Ó fi hàn pé ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀gá yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Síbẹ̀, àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣì ń ní kí òṣìṣẹ́ wa máa pe ọ̀gá lórúkọ, kó sì máa ta kò ó ní gbangba.

Ní ṣọ́ọ̀bù Agboju, ọmọṣẹ́ tó rí i pé ọ̀gá fẹ́ ṣi nọ́ọ̀tì dè kì í pariwo níwájú kọ́sítọ́mà. Yóò ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí.” Ọ̀gá á wò ó, á tún un ṣe. Ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì rí ọ̀gá fín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín.