Àwọ̀ Tí Mo Fi Sánńpépà Họ

Tí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn tó ba ohun ìtàn Yorùbá jẹ́, ẹ má ka òyìnbó nìkan. Ẹ fi tèmi kún un. Sánńpépà ni mo fi ṣe tèmi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nígbà ìsinmi gígùn. Ìrántí bàbá àgbà wa ń bọ̀, wọ́n ń kun ilé, wọ́n ń pààrọ̀ páànù. Ìbọn ògbólógbòó kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé àgbà, tí wọ́n ti fi kọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Kò lè yìn mọ́. Ibi tí wọ́n ń ki ọta sí ti dì pa. Ọ̀pá rẹ̀ dúdú, ó tún pọ́n díẹ̀, igi rẹ̀ sì rí bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà Kékeré, wò mí, wọ́n ní: "Ìwọ tó o ní ò ń kọ́ṣẹ́, bá wa tún nǹkan yìí ṣe kó dán."

Mo tún un ṣe lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ni mo fi ha irin rẹ̀ títí tó fi funfun báláú. Mo fi sánńpépà líle họ igi rẹ̀, mo fi èyí tó rọ̀ tẹ̀ lé e, mo wá fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà ni mo fi parí ọ̀pá ìbọn náà. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àlejò tó wọlé ń bèèrè pé ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn.

Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo jókòó sí láìbrárì, mo ń wá nǹkan míì pátápátá, ni mo bá ṣí ìwé kan tó ní àwòrán ìbọn àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn wa ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kékeré tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òòlù rẹ̀, òrùka irin mẹ́ta tó de ọ̀pá mọ́ igi, gbogbo rẹ̀ pé. Snider-Enfield ni wọ́n pè é.

Ìbọn tí wọ́n tún ṣe ni Snider fúnra rẹ̀ (ìyẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín). Láti 1853 ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo Enfield tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ti ń borí tiwọn. Dípò kí wọ́n da ẹgbẹẹgbẹ̀rún Enfield nù, wọ́n mú ọgbọ́n ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, wọ́n gé ìdí ọ̀pá náà kúrò, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin sí i. Ọdún 1866 ni wọ́n gba èyí wọlé fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ẹni tó ń yin Enfield àtijọ́ ò lè yìn ju bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó mọ Snider lò lè yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Kò pẹ́ tí Martini-Henry fi gba ipò rẹ̀ ní 1871, Snider wá di ohun títà. Ibẹ̀ ló ti kan ilé wa. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn ní apá kan, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní apá kejì. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ń lò, èyí tí ọta rẹ̀ kì í lọ jìnnà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró àti Brazil padà bọ̀, ló dáwó jọ nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ń fi Snider ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn èèyàn rẹ̀ lójú ogun. Ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ. Ìbàdàn náà rí díẹ̀ rà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún wọn, torí ọ̀nà tó lọ sétíkun ò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká tán títí di 1893.

Nílé wa, ìtàn méjì ló wà lórí ìbọn yìí. Bàbá Àgbà Kékeré ní bàbá ńlá wa gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Èkó tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá àgbà, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já wọn nírọ́, ní rárá, Ìbàdàn ni bàbá ńlá wa bá jagun, ará ilé kan ò kàn fẹ́ sọ ọ́ síta ni. Ìjà yìí ti dàgbà jù mí lọ. Mo sì ti nu díẹ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn tó ń ṣe ìbọn ní England nígbà yẹn kì í kun ọ̀dà sára ọ̀pá ìbọn. Ìpẹtà ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ fún un. Wọ́n á fọ gbogbo òróró kúrò lára irin, wọ́n á fi omi tó ní ásíìdì nínú pa á, wọ́n á gbé e síbi tó ní ọ̀rinrin kó lè dógùn-ún. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èyí tó bá ṣí kúrò, èyí tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ á dúró. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, títí awọ náà á fi ki. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń dá a dúró, òróró ló sì gbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá bọ ìpẹtà pupa nínú omi híhó, dúdú ló ń dà. Nítorí náà, ìpẹtà tó ń jẹ irin wà, ìpẹtà tó ń ṣọ́ irin náà sì wà. Èyí tó ń ṣọ́ ọ ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà lé lọ, tí mo ní mo ń tún nǹkan ṣe. Láàárín ọdún méjì, ìpẹtà tó ń jẹ irin ti gba abẹ́ ọ̀dà fàdákà mi wọlé.

Ti igi rẹ̀ tún burú sí i. Igi walnut ni, òróró tí wọ́n ń fún látinú irúgbìn linseed ni wọ́n sì fi pa á. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ojú igi ga díẹ̀ ju ojú irin àti idẹ lọ. Ẹ wá fọwọ́ ra tiwa wò lónìí: idẹ tó wà ní ìdí rẹ̀ á ha yín lọ́wọ́, torí mo ti họ igi náà wọlé.

Mo sì rántí pé nǹkan kan wà lára igi yẹn. Àmì kékeré méjì bí orí ọfà, tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ṣóńṣó kan ṣóńṣó. Mo rò pé ọmọdé kan ló fi ọ̀bẹ ya á. Ìwé láìbrárì ló sọ fún mi pé orí ọfà kan ni àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pé méjì tó kọjú sí ara wọn ni wọ́n ń tẹ̀ sára ìbọn tí àwọn ológun bá ti tà síta. Lára irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, adé wà níbẹ̀, ọdún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, 18 ló kù. Méjì yòókù bá eruku lọ. Kì í ṣe pé àmì wọ̀nyẹn á parí ìjà Bàbá Àgbà Kékeré àti Ìyá àgbà o. Ṣùgbọ́n à bá mọ ọdún tí wọ́n ṣe irin yẹn, a ò bá sì lè fi ojú ara wa rí i pé ọwọ́ ológun ló ti jáde kó tó dé ọwọ́ tiwa. Ìrántí mi nìkan ló kù báyìí, ta ló fẹ́ gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó họ ẹ̀rí nù?

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ní 2003, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà ra ìbọn àtijọ́ rẹpẹtẹ láti ààfin àtijọ́ kan ní Kathmandu, ní Nepal, Snider náà wà nínú wọn. Gíríìsì àti ìdọ̀tí ti bo gbogbo wọn. Àwọn tó fara balẹ̀ fi òróró àti àkísà rírọ̀ nù ún rí lẹ́tà àti nọ́ńbà ilẹ̀ Nepal tí wọ́n tẹ̀ sára wọn. Ẹni tó bá sáré mú sánńpépà ò lè rí i. Ibi tí igi bá ti tẹ̀ wọnú pàápàá, sánńpépà kọ́ ni oògùn rẹ̀: wọ́n á fi aṣọ tútù lé e, wọ́n á wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ooru omi á sì gbé igi náà dìde. Áyọ́ọ̀nù wà nílé wa lọ́dún yẹn, ó kàn jẹ́ pé mi ò mọ̀ ni.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo bẹ Bàbá Àgbà Kékeré kí wọ́n jẹ́ kí n tún sọ ìbọn náà kalẹ̀. Wọ́n wò mí lọ, wò mí bọ̀, wọ́n ní kí n má bà á jẹ́ o, iṣẹ́ ọwọ́ mi yẹn wu èèyàn. Mo fi omi tó ń bó ọ̀dà nu fàdákà kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo tú òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tú ìdè ìdí ọ̀pá, mo gbé ọ̀pá náà sókè kúrò nínú igi. Búrọ́ọ̀ṣì mi ò débẹ̀ rí. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, níbi tí igi ti bò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án pọ̀, awọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà, ó dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn yànmùyánmú. Lẹ́tà méjì wà níbẹ̀, W àti S, tí ẹni tó rọ ọ̀pá náà tẹ̀ sí i. Mo dà wọ́n kọ sínú ìwé, mo fi òróró díẹ̀ pa á, mo dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀.

Bàbá Àgbà Kékeré wọlé, wọ́n rí i lórí ògiri, wọ́n ní: "Ò tíì kùn ún?"