Ta Ní Ń Sanwó Ọ̀fẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń lò bí ẹni pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní: ọ̀fẹ́. Bí ọmọdé bá ní "ọ̀fẹ́ ni," ohun tó ń sọ ni pé òun kò sanwó. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò sanwó. Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Níbikíbi tí àwọn ènìyàn bá ti pé jọ láti ṣe ohun tí ó kàn wù wọ́n, ìbáà jẹ́ ayò, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ kíkó orúkọ Yorùbá jọ, ìbéèrè kan náà ni yóò dìde lọ́jọ́ kan: ta ni yóò ra epo sí àtùpà?

Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá kó jọ. Èsúsù wà, àjọ wà, owó ẹgbẹ́ wà, ìdáwó wà. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kọ̀ntiribúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é, ó parí. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mú èsúsù ná. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé rẹ̀ níbẹ̀: olúkúlùkù yóò mú iye kan náà wá lọ́jọ́ kan náà, olórí yóò wà, gbogbo owó náà yóò sì máa kan ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní títẹ̀lé-n-tẹ̀lé. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, kọ odindi àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsù nìkan ní 1952. Ohun tó máa ń dùn mọ́ èmi onímọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìrìnàjò rẹ̀. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ní Bahamas, asue ni. A kì í yà wá lẹ́nu pé orúkọ òrìṣà la òkun kọjá. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ owó náà là á já, lẹ́nu àwọn tí wọ́n fi ṣe ọjà títà, ìyẹn máa ń mú mi dákẹ́ díẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i: kò sí ọrẹ nínú èsúsù. Kọ́bọ̀ tí mo fi sílẹ̀ ni kọ́bọ̀ tí n ó gbà padà. Ìfọkàntánni ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìtọrẹ.

Àjọ ní tirẹ̀ ní olùtọ́jú, alájọ, tó máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn kò jìnnà sí wa. Láti Maryland (tiwa ní Ìkẹjà ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà), bí ẹ bá gba Ìkòròdú Road sọ̀kalẹ̀, tí ẹ kọjá Anthony, tí ẹ kọjá Ọbáníkòró àti Palmgrove, ọwọ́ òsì yín ni Ṣómólú wà. Ibẹ̀ ni Alphaeus Táíwò Olunaike ti gba àjọ, ẹni tí a bí ní 1915 tó sì kú ní 2012. Gbogbo Èkó ló mọ àṣà tí wọ́n fi í dá: orí rẹ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ fún odindi oṣù láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ẹ̀ka kejì àṣà náà ní ó ta ọkọ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló lè wọ àdúgbò tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Ọkùnrin náà mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.

N kò ní pẹ́ lórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Òfin wọn dé ní 1935, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì kọ́ àdúgbò ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà, ọ̀nà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbà rí owó kọ́lé. Èsúsù onípépà ni, ó ní ìjókòó àti akọ̀wé.

Owó ẹgbẹ́ ló súnmọ́ ohun tí mò ń wá. Ní 1926 àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó dá Yoruba Tennis Club sílẹ̀, ó ṣì wà ní Oníkan. Eré ìdárayá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe, pápá tẹ́níìsì sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tó bá wọlé ló ń san, ẹni tí kò bá san kò wọlé. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọgbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ògiri ló dá ìṣòro náà dúró. Ẹ yọ ògiri náà kúrò, kí ẹ ní kí gbogbo ayé máa wọlé wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i pé ìbéèrè epo àtùpà ti padà dé.

Ibi tí kò sí ògiri ni ìdí ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni méjì ń ta, àwọn òǹwòran yí wọn ká. Ọ̀ta ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òǹwòran ń dá sí i láìsanwó kankan. Ọpọ́n náà ńkọ́? Ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ tàbí tó rà á. Bẹ́ǹṣì ńkọ́? Onílé ló gbé e síta. Bí bẹ́ǹṣì bá kán, ẹnikẹ́ni kò ní bu owó lé ẹnikẹ́ni, ẹnì kan yóò kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká dáwó." Ẹni tó bá ní, á mú wá. Ẹni tí kò bá ní, á jókòó lórí bẹ́ǹṣì tuntun náà bíi tẹlòmíràn, kò sí ẹni tó máa lé e. Ìdáwó gidi nìyẹn.

Ẹ ó ní, ṣebí "dá" kan náà ni? A ń dá èsúsù, a ń dá àjọ, a sì ń dáwó. Òtítọ́ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó dá èsúsù yóò kó o. Ẹni tó dáwó kò ní nǹkan kan láti kó. Ọ̀wẹ̀ ni ìdáwó jọ, kò jọ àárọ̀. Fádípẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ní 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lóko àti nílé kíkọ́. Nínú àárọ̀, mo ro oko rẹ lónìí, wàá ro tèmi lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, o pè mí, mo wá, o fún mi lóúnjẹ, mo lọ.

Kí wá ni ẹni tó dáwó ń gbà? Orúkọ. Ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìfilọ́lẹ̀, ẹni tó mú gbohùngbohùn yóò pariwo orúkọ àti iye. Ọ̀pọ̀ àwa ọ̀mọ̀wé ló máa ń fi èyí ṣẹ̀sín pé àṣehàn ni. N kò gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ní àwùjọ tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ariwo yẹn ni rìsíìtì, òun náà ni ìwé ìṣirò owó. Gbogbo ènìyàn gbọ́ iye tó wọlé, nítorí náà gbogbo ènìyàn lè béèrè ibi tó lọ.

Ìjọba náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní oṣù kìíní 1955, Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Ṣùgbọ́n kí ọ̀fẹ́ náà tó dé ni owó rẹ̀ ti dé: ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lórí ẹni tó ń san owó orí. Àwọn ènìyàn kùn, wọ́n sì fi ìbò kùn pẹ̀lú: nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, NCNC ló fi ìjókòó 23 sí 18 borí Action Group nílé Action Group gan-an. Dandan ni owó orí, kì í ṣe ìdáwó. Ohun tó jọra ni pé ẹni tó ń san ń rí owó tó kúrò lápò rẹ̀ kí ó tó rí ọmọ tó ń kàwé.

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò sí bẹ́ǹṣì tí a lè fojú rí pé ó kán. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè bíi tiwa, ti ń kó orúkọ Yorùbá jọ láti ìgbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ní 2015 ó ké sí aráyé lórí Indiegogo láti dáwó fún YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi orúkọ kún. Wọ́n dá a, ó sì dúró. Kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí a lè fi tẹ àmì ohùn tún tẹ̀lé e. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ. Ṣùgbọ́n ìdáwó ìfilọ́lẹ̀ kò jọ ìdáwó ìtọ́jú. Ènìyàn máa ń fẹ́ràn láti gbé òkúta ìpìlẹ̀. Ta ló ń fi ariwo san owó ojú òpó ti ọdún kẹsàn-án?

Wikipedia mọ èyí dáadáa. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ (àpilẹ̀kọ tó wà ní Yorùbá níbẹ̀ ju 30,000 lọ), ìdáwó ni wọ́n sì fi ń gbé e ró. Àwọn fúnra wọn sọ pé nínú 100 òǹkàwé, bí ẹni 2 ló ń san nǹkan. Ẹ má bínú sí àwọn 98 tó kù. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni lichess, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn chess ti ń ta á lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé. Thibault Duplessis, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, kò sí ohun kan tí ẹni tó sanwó lè ṣe tí ẹni tí kò san kò lè ṣe. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fún olùdáwó ni àwòrán ìyẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìyẹ́ lásán! Àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé ibi tí ẹni tó mú gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìkórè dé. Wọ́n sì máa ń fi iye tó ń náni láti tọ́jú rẹ̀ hàn fún gbogbo ayé, ẹni tó bá fẹ́ kí ó wò ó.

Chess ti wọ Èkó lọ́nà mìíràn náà. Láti 2018 ni Túndé Ònàkọ́yà ti ń fi Chess in Slums kọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó, láìgba kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹrin 2024 ó jókòó ti ọpọ́n fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, kí aráyé lè dáwó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Wákàtí ọgọ́ta! Ẹ wo ohun tó ń náni kí a tó lè gbọ́ orúkọ ẹni.

Àwọn ọmọ Maryland àti Mẹ́ńdé tó ń ta á lórí fóònù lálẹ́ náà wà lórí bẹ́ǹṣì ọ̀fẹ́ yẹn. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ dáwó, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni owó náà ń lọ. Ní 2022 ọ̀pọ̀ báńkì wa kọ́kọ́ dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà wọ́n dá a dúró pátápátá. Nígbà tí náírà sì já ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là márùn-ún tí kò tó 2,500 náírà tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń lọ sí 7,500 láàárín ọdún kan. Ọdún 2025 ni àwọn báńkì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí káàdì náà padà. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Maryland lè ní láti bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí Houston kó bá òun san án.